Orí Ẹja Inú Garawa

"Ìyàwó wa, wá jẹun!" ni ìyá ọkọ ké láti ìdí tábìlì. "Ẹyin ẹja káàpù ni mo fi òróró pò fún ẹ, nítorí oyún inú ẹ."

Ìyàwó wà nílé ìdáná. Èèpo àlùbọ́sà ló fẹ́ dà sí garawa pàǹtí tó fi rí orí ẹja onírùngbọ̀n nísàlẹ̀ rẹ̀. Káàpù pàápàá ní irùngbọ̀n, àmọ́ iwájú orí ni ẹnu rẹ̀ máa ń wà. Ẹnu eléyìí wà lábẹ́ imú gígùn, ètè rẹ̀ sì ki. Ẹja míreánà ni! Kò sí ọmọ etí odò Dánúbè tí wọn ò kìlọ̀ fún pé ẹran míreánà dùn, ṣùgbọ́n májèlé ni ẹyin rẹ̀.

Ó padà sídìí tábìlì. Inú àwo kan ṣoṣo ni ẹyin wà, iwájú tirẹ̀ ni wọ́n sì gbé e sí.

"Kí lò ń wò? Ṣé oúnjẹ ọwọ́ mi ń rí ẹ lára ni?"

"Èébì ló ń gbé mi, Ìyá." Ó rọra ti àwo náà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìyá ọkọ. "Sorin, bá mi jẹ ẹ́ jàre."

Sorin, tí ebi ti ń pa, fi búrẹ́dì bù ú, ó sì lanu.

Ìyá rẹ̀ gbá búrẹ́dì náà dànù kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kì í ṣe tìẹ!"