Orin Orí Odi Òkun

Ní erékùṣù wa, owó nìkan kì í sọ àlejò di ọmọ ìlú. Owó wọn la fi ń mọ odi tó ń dí òkun lọ́nà, àmọ́ kálukú gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bíríkì kan sórí rẹ̀, kó sì kọ orin ìlú tí omi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ láràárọ̀, kí n tó tẹ̀ka sí ìwé ọmọ ìlú wọn.

Lánàá, ọ̀gbẹ́ni olówó kan gbé bíríkì tirẹ̀ lé e, àmọ́ kò kọrin.

"Ìyá, mi ò mọ orin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi padà. Omi ti gba ilé mi."

"Kí ni ìyá rẹ fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún? Àbí òkúta ló bí ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra dá orin kan:

"Omi kún, omi fà,
Ọkọ̀ bàbá mi ń bọ̀ wálé o,
Ẹ dáná sílẹ̀ dè é."

Orí mi wú. Orin ìlú tí wọ́n bí mi sí ni, ìlú tó ti rì láti ìgbà ọmọge mi. Ìlà kẹta yẹn ti sọnù lórí mi láti ogójì ọdún.

"Tún un kọ, ọmọ mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́, mo ń gbè é, mo ń jó. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń kùn pé oòrùn ń pa àwọn.

Mo tẹ̀ka. "Ìwé rẹ ti pé. Àmọ́ padà wá lọ́la, èmi ni mi ò tíì mọ orin náà tán."