Kámẹ́rà Tí Kò Lo Fíìmù

Ní àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1999, Súnkànmí Adégbóyè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Alábà, ó ń wo kámẹ́rà mẹ́ta tí wọ́n tò sórí gíláàsì. Olùkọ́ yunifásítì ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ya fọ́tò ṣeré. Bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Àìkú, òun ni í kó àwọn ọmọdé jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, inú rẹ̀ ì bá dùn ṣìnkìn láti rí irú ọjà báyìí. Lónìí, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Christiana, ìyàwó rẹ̀, bí ìbejì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì fi lajú. Nígbà tó máa fi lajú, ọmọ ti wà nílé ní Igbó-Elérin lọ́dọ̀ Ọmọ́yẹlé, àbúrò Adégbóyè, torí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ wọ wọ́ọ̀dù tí ìyá wà. Dókítà fa Adégbóyè sí kọ̀rọ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ṣì ga gan-an,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà o. Ìdààmú kékeré báyìí lè gbẹ̀mí ẹ̀.”

Àfi bí Christiana ṣe fàáké kọ́rí lánàá. “Bẹ́ ẹ bá dé lọ́la tẹ́ ò mú fọ́tò àwọn ọmọ mi dání,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀, “màá yọ dírípù yìí, màá sì fẹsẹ̀ rìn relé.” Adégbóyè mọ̀ ọ́n. Bó bá ti sọ ọ́, ó di ṣíṣe.

Kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ wà nílé, ó sì ń ṣiṣẹ́. Fíìmù rẹ̀ ni wàhálà. Ẹni tó máa ń bá a fọ fọ́tò ní Ìyànà Ìbà kì í fi iṣẹ́ lélẹ̀ kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ló sì máa ń fi fọ́tò onífọ́tò hàn.

Ẹnu Yínúsà tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í sinmi. “Ọ̀gá mi, ẹ fi àwọn méjì yẹn sílẹ̀ jàre. Díjítà leléyìí. Kò lo fíìmù rárá, díìsìkì kọ̀ǹpútà ló ń jẹ. Ẹ̀ ń yà á báyìí, ẹ̀ ń rí i báyìí. Original ni o, kì í ṣe Taiwan.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà lè tún fọ́tò náà ṣe lẹ́yìn tí mo bá yà á?”

“Háà! Wọ́n lè fá irùngbọ̀n yín láìlo abẹ.” Yínúsà rẹ́rìn-ín. “Ta lẹ fẹ́ yà?”

“Ọmọ tuntun. Kò tíì lẹ́ran lára.”

“Wọ́n á yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún un. Kí lẹ wá ń gbọ̀n fún?”

Adégbóyè gbé kámẹ́rà náà, ó ya Yínúsà, ó ní kó sún díẹ̀, ó tún un yà. Ó wo fọ́tò méjèèjì títí, bóyá ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Ó dọ́gba. Ó sanwó, kò tilẹ̀ ná an.

Bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà ni ẹnì kan lọgun mọ́ ọn. “Bàbá Ìbejì!” Ìyá Ìbíyẹmí ni, tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Ẹ kú oríire o! Ìgbà wo la máa kó wọn jáde?”

“Tí ìyá wọn bá dé, mà,” ni Adégbóyè wí, ó sì sáré lọ bí ẹni tó jalè.

Nílé, Ọmọ́yẹlé ti tẹ́ aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn láti àná. Adégbóyè to ìwé jọ, ó gbé kámẹ́rà lé e kó má baà mì. Ọmọ́yẹlé dé fìlà funfun fún ọmọ, ó tẹ́ ẹ sápá ọ̀tún, ó yẹra kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà á. Lẹ́yìn náà ló kan fìlà yẹ́lò, lápá òsì.

Adégbóyè gbé díìsìkì lọ bá Abọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Abọ́lá fi wákàtí kan gbáko ṣiṣẹ́ sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà tó ń dán.

“Ṣé ó hàn pé a tún un ṣe?” Adégbóyè bi í.

“Kò hàn,” ni Abọ́lá wí. Kò wojú rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, Christiana fi ọwọ́ tí dírípù wà gba fọ́tò náà. Ó wò ó, ó tún wò ó. Àyà obìnrin náà ni Adégbóyè tẹjú mọ́, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Christiana bú sẹ́rìn-ín.

“Daddy, ẹ wò ó, wọn ò tilẹ̀ jọra! Ta ló dé fìlà yẹ́lò?”

“Kẹ́hìndé ni.”

“Mo mọ̀! Imú màmá mi gan-an ló gbé wá yìí. Tiyín ni Táyé, ẹ wo orí ńlá.” Ó fi ìka tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, ó tọ́ ti èkejì, ó sì kó àdúrà lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní ó ti ń walẹ̀.

Táyé ni àwọn méjèèjì tó wà nínú fọ́tò náà; òun nìkan ló ṣẹ́kù.