Rìpítà Orí Ilé Bàbá Ògúnlàdé

Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ onírédíò Sango tí kò mọ̀ pé bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, rìpítà yóò kú.

Ẹ̀rọ náà wà lórí ilé alájà kan ní Ilo-Awela, nídìí òpó irin gíga. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọwọ́ ní Agbára, kó sì gbé e sókè kí ẹni tó wà ní Ìgbẹsà lè gbọ́. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní kọntírólà ló ń darí rẹ̀, àpótí yìí gan-an ló ń fa wàhálà. Àwọn tó ṣe é ti fi àpidéètì ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, Ràfátù sì ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i.

Ràfátù ni alábòójútó ẹ̀rọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń tún iná ṣe ní iléeṣẹ́ oníke kan nítòsí ibẹ̀. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Yóò wo aago. Yóò mú rédíò ọwọ́ rẹ̀, yóò gbé e sílẹ̀, yóò tún mú un. Nígbà tí àwọn yòókù bá fi máa pariwo pé ẹ̀rọ ti lọ, á ti wà lójú ọ̀nà.

Bàbá Ògúnlàdé, onílé, ló máa ń ṣí géètì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, àtọ̀gbẹ sì ń bá a fínra. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ gba obìnrin kan pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló lé e.

"Ẹni tó bá ń wá nǹkan ṣọ́, kó lọ ṣọ́ àgbàdo," ló wí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ kú, òòyì ń kọ́ Bàbá nídìí géètì nígbà tí Ràfátù dé. Kò tíì jẹun láti àná.

"Ó tún kú?" ni Bàbá máa ń bi í báyìí.

"Ó tún kú, Bàbá. Mo fẹ́ tún àpidéètì yẹn fi sí i. Ó máa gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Ẹ̀rọ ọ̀lẹ."

Yóò gòkè lọ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ wá dúró ní kíṣìnì Bàbá. Á ní ebi ń pa òun, á se ẹ̀wà, Bàbá á sì bá a jẹ níbẹ̀. Á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti lo oògùn àárọ̀, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú, tí àbúrò Bàbá máa ń ti Ifọ̀ wá kí i, nìkan ni ẹ̀rọ kì í kú, tí Ràfátù sì máa ń sinmi.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta náà, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé.

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́," Al-Ameen, awakọ̀ kan láti Agbára, ló sọ ọ́. "Iṣẹ́ yìí ju agbára Ràfátù lọ."

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i," ni Ràfátù wí.

Ọ̀gá Ṣóbándé, alága wọn, na ọwọ́. "Kì í ṣe ìjà. Kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ àti kóòdù tí a fi ń darí rẹ̀ láti orí rédíò fún mi. Màá bójú tó o fúnra mi."

Ràfátù sunkún débi pé Al-Ameen bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́rin lù, ẹ̀rọ kò kú. Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ pàápàá mọ ọwọ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ Ṣóbándé kò tíì débẹ̀. Ní Túsìdé, Ràfátù lọ kan géètì. Bàbá yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé ó kú ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo ní kí n kí yín ni."

"Mo wà dáadáa." Ó ti fèrèsé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ràfátù pe Ṣóbándé lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ wo ẹ̀rọ yẹn."

"Ó mà ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣáà lọ wò ó, sà. Ẹ má sì kánjú kúrò níbẹ̀."

Ó lọ. Ó pẹ́ kí géètì tó ṣí. Bàbá Ògúnlàdé fọwọ́ ti ògiri, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ràfátù dà?"

"Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ báyìí, sà."

Ṣóbándé gòkè, ó so láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ mọ́ kọntírólà, ó ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó gba kíṣìnì kọjá. Ìkòkò gbẹ lórí ààrò. Oògùn ọjọ́ mẹ́rin wà nínú páálí, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ó jáde lọ ra mọ́ínmọ́ín, ó ní òun kò lè dá a jẹ tán, òun pẹ̀lú Bàbá sì jọ jẹ ẹ́.

"Ṣé ó ti dáa?" Bàbá bi í.

"Kò tíì dáa rárá, sà."

Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé àpidéètì àkọ́kọ́ ti wo ẹ̀rọ náà sàn láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àti pé gbogbo ìgbà tó tún kú lẹ́yìn ìyẹn, kóòdù Ràfátù ló pa á láti orí rédíò ọwọ́ rẹ̀; ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, Ṣóbándé tẹ kóòdù náà fúnra rẹ̀, ó dúró títí ọ̀rọ̀ fi gé mọ́ Al-Ameen lẹ́nu lórí rédíò, ó sì pe Ràfátù pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ti tún kú.