Orúkọ Tí Kò Ṣeé Tú Ká

"Bàbá, ẹ tú u ká, ọjọ́ ń lọ," ni ọmọbìnrin ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ wí lẹ́yìn kámẹ́rà.

Bàbá onílẹ́tà kò fọwọ́ kan orúkọ òṣèrébìnrin tó wà níwájú rẹ̀. Iyanrìn ló fi ń kọ orúkọ àwọn òṣèré sórí gíláàsì dúdú. Á tú orúkọ ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa yà á bó ti ń tú. Tí wọ́n bá wá yí fíìmù sẹ́yìn, iyanrìn á kó ara rẹ̀ jọ di orúkọ lójú òǹwòran.

"Ẹ̀yin tí ẹ tú orúkọ ọ̀gá wa ká láàárọ̀, tẹ́ ẹ tún ń fi í ṣẹ̀fẹ̀! Ṣé ti òṣèrébìnrin yìí ló wá di ẹrù?"

"Jẹ́ ká ya tiẹ̀ láìyí i sẹ́yìn. Màá da iyanrìn mìíràn sórí gíláàsì mìíràn, màá máa tò ó di orúkọ."

"Háà! Ibí la máa sùn nìyẹn."

"Ìyá mi, má bínú. Ọwọ́ yìí ló bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sórí pósí ẹni tó ni orúkọ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo bí i."

Ayàwòrán séèémí, ó fọwọ́ méjèèjì gbé gíláàsì náà kúrò. Hóró kan kò yẹ̀. Bàbá bu iyanrìn mìíràn sórí gíláàsì tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ rẹ̀ jọ.