Ẹni Tí Ọ̀gá Abọ́dẹrìn Bá Pè

Ó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan lé e, kí ẹsẹ̀ tó gbé mi dé gbogbo ibi tí mo ti jìyà má gbé mi dé ibi tí mo ń lọ lọ́la.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Ọ̀kà ni Sàláwù ti ń ṣiṣẹ́. Ìkàrẹ́ ló ti ń gun ọ̀kadà wá láràárọ̀. Memunat ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún kejì. Ọ̀gá wọn ni Abọ́dẹrìn, ọmọ ọdẹ láti Ìfira, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í dáhùn ìkíni. Àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ìdí àpáta. Òun gbé àga irin rẹ̀ sórí òkìtì kan ní òdìkejì, ó dojú kọ wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkìtì náà.

Ó ní òfin. Kò sí orin lẹ́nu iṣẹ́, kò sí rédíò. Bí òun bá pe ènìyàn, òun kò fẹ́ “Sà.” Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi jẹ́ òun. Ẹni tó bá béèrè ìdí, ó ní géètì kò tì.

Sàláwù gbà pé òun ni ọ̀gá náà kórìíra jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí ibi tí òkúta ti rọ̀, tí òòlù méjì mẹ́ta ti ń já a. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Abọ́dẹrìn pè é ní ọ̀lẹ, tó lé e lọ síbi tó le bí irin. Kò sì fi ẹlòmíràn sí ibi tó rọ̀ náà.

Ìwé ni Sàláwù kọ́kọ́ fi gbèjà ara rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Àkùngbá, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ ẹ̀sùn náà, ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èébú lọ́kọ̀ọ̀kan. Jimoh, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọwọ́ Abọ́dẹrìn ni wọ́n ti rí ìwé náà. Ó kà á sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a.

“Gírámà yín dára. Ẹ lọ fọ́ òkúta.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta pọ̀ débi pé ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbọ́ ni orúkọ ara rẹ̀. Abọ́dẹrìn pe òṣìṣẹ́ kan, Clement, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Clement nàró, ó ní “Sà?” Òkúta já láti òkè, ó fọ́ ọ léjìká. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó pe Ojúọlá, obìnrin tó ń ru òkúta. Ojúọlá jẹ́, ó sọ páànù kalẹ̀, ó ń wo ọ̀gá pé kí ló fẹ́. Ọ̀kà ni wọ́n sin ín sí. Ẹni kẹta tó pè ni Jimoh. Inú ti ń bí Jimoh láti ilé. Ó pòṣé, kò jẹ́, ó ju òòlù sílẹ̀, ó lọ mu omi. Nǹkan kan kò ṣe é.

Wọ́n kó o pọ̀, wọ́n wò ó. Baba Abọ́dẹrìn, ọdẹ. Baba baba rẹ̀, ọdẹ. Ẹran tí ọdẹ àtijọ́ bá pe orúkọ rẹ̀, tí ó bá dáhùn, ó ti tán.

Sàláwù sọ ọ́ fún Àsàmáù ìyá rẹ̀. Kò ya ìyá náà lẹ́nu.

“Má jẹ́, má wòkè. Dúró gbọin, kí orúkọ náà gba orí ẹ kọjá bí afẹ́fẹ́. Tó o bá ti mira, o ti jẹ́ nìyẹn.”

Memunat bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn bá ń sọ ọmọ lórúkọ, kí ọmọ náà ṣáà bá baba láyé. Jimoh wá ń bá a dánra wò. Á dúró lódìkejì títì ní Ìkàrẹ́, á ké sí i: “Sàláwù, wọ́n ń pín ẹran Iléyá o!” Sàláwù kò ní yíjú. Àwọn ọlọ́kadà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pọ́n ìrẹsì nìkan ló lè jí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó tún rí ibi tó rọ̀. Òòlù kẹrin ló gbé sókè tí Abọ́dẹrìn fi dìde.

“Sàláwù.”

Kò mira. Ó tún pè é. Nígbà kẹta, Abọ́dẹrìn ti ń sáré bọ̀ láti orí òkìtì, àga ti ṣubú. Ẹ̀rù ba Jimoh, ó fẹsẹ̀ fẹ. Sàláwù dúró gbọin, ó wo ilẹ̀.

“Mi ò ní jẹ́ ẹ,” ló wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí i lára. Ọlọ́pàá ló gba Abọ́dẹrìn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Abọ́dẹrìn ló kọ́kọ́ dé ìdí òkúta tó já lu Sàláwù. Èékánná rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Jimoh ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga irin náà, ó rí gbogbo ojú àpáta láti ibẹ̀, ibi tó sán, ibi tó rọ̀, àti òkúta ńlá kan tó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè orí Zacchaeus, ẹni tó gba òòlù Sàláwù, Jimoh pe Zacchaeus lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì padà sọ ohun tí Zacchaeus wí kẹ́yìn: “Mi ò ní jẹ́ ẹ.”