Lucien Atúnrédíòṣe àti Ẹ̀rọ Inú Ọkọ̀ Apẹja

Lucien Adélékan kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ rí. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè la ẹnu sọ pé, "N kò mọ̀ ọ́n." Àléébù kékeré ni lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gba ẹ̀mí ọmọlúàbí kan lójú òkun Kútọnu.

Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni. Ó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Cadjèhoun ní Kútọnu, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà Rẹfolúsọ́ọ̀nù, ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni, nígbà tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ń pe ara wọn ní kamarádì, tí ìlú sì ń wá ẹni tó lè tún nǹkan ṣe láìdúró de òyìnbó. Ìròyìn Lucien kàn dé èbúté.

Ní èbúté, ẹgbẹ́ apẹja kan ní ọkọ̀ ńlá kan tí Wàhábì jẹ́ kapitéènì rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní sọ́ndà. Ẹ̀rọ náà a máa rán ohùn lọ sísàlẹ̀ omi. Bí ohùn náà bá padà, a máa ya ìsàlẹ̀ òkun àti agbo ẹja sí ojú gíláàsì rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún àmì wínníwínní, bí ẹni da ọkà bàbà sórí àtẹ. Wàhábì kò mọ èyí tó jẹ́ ẹja mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Lucien.

"Kamarádì, ṣé ẹ mọ irú ẹ̀rọ yìí?"

Lucien kò rí irú rẹ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, Faransé nìkan ni òun sì lè kà. Ó ṣí ìwé náà, ó ń mi orí.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ló wí.

Bàbá Mùílíù, àgbà atukọ̀ tó ti ń ná òkun kí wọ́n tó kọ́ èbúté, sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo wínníwínní yẹn a lọ. Bí a bá tún tan án, wọ́n a padà. Wò ó, wọ́n di wáyà ẹ́ńjìnnì àti ti ẹ̀rọ yìí pọ̀. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni?"

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ojú ti Lucien pé atukọ̀ tí kò wọ ilé ìwé ló fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. "Bàbá, iṣẹ́ iná kì í ṣe iṣẹ́ àwọ̀n," ló fi dá a lóhùn. Bọ́tìnì kan wà tó ń sọ bí etí ẹ̀rọ náà yóò ṣe mú tó. Ó yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmì wínníwínní pòórá, ojú ẹ̀rọ mọ́ kedere, àwọn atukọ̀ pàtẹ́wọ́.

Òun nìkan ló rí i pé ìlà ìsàlẹ̀ òkun pàápàá ti tín-ín-rín bí òwú. Ó mọ̀ pé òun kò wo àrùn náà sàn. Etí ẹ̀rọ ni òun di. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ní kó dìde kí gbogbo ènìyàn rí i, wọ́n sì pè é ní àwòkọ́ṣe òṣìṣẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Wàhábì ní kó bá àwọn lọ sójú òkun kó lè fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣíkọ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Sèmè-Kpodji, wọ́n sì ju àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ. Kùrukùru bo gbogbo etí òkun. Ọkọ̀ àtijọ́ kan rì sí agbègbè náà, gbogbo apẹja ló sì ń sá fún un.

"Wàhábì," ni Bàbá Mùílíù wí, "n kò rí igi àgbọn kankan tí mo lè fi mọ ibi tí a wà. Jẹ́ ká fa àwọ̀n sókè títí ojú ọjọ́ yóò fi là."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ rírì yẹn a máa yọ bí òkìtì lójú sọ́ndà. Bí a bá súnmọ́ ọn, a ó rí i. Àbí, Lucien?"

Lucien wo ìlà tín-ín-rín ojú ẹ̀rọ náà. Gbogbo wọn ń wò ó.

"A ó rí i," ló wí.

Ó dúró níwájú ẹ̀rọ. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnì láti yí i sókè. Bí wínníwínní bá padà lójú gbogbo wọn, kí ni yóò wí? Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò pẹ́, ọkọ̀ náà dúró gbọnrangandan bí ẹran tí wọ́n dì mú nírù. Àwọ̀n ti kọ́ ọkọ̀ rírì. Okùn onírin tó ń fa àwọ̀n le koko. Wàhábì sáré lọ tú u. Kó tó kàn án, okùn náà já, ó gbá a láyà, ó sì gbé e sọ sínú òkun. Kò tilẹ̀ ké. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n yí ibẹ̀ po títí di ọ̀sán, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Lucien di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kò mọ ọkọ̀ tù, kò mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Omi nìkan ló ń dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta ni òkun gbé òkú náà wá sí èbúté.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ apẹja pe atúnrédíòṣe mìíràn, Fernand, wá wo ẹ̀rọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tún tan án. Ó ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, ó ha ìpẹtà kúrò lára wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ irin ọkọ̀, ó wá yí etí ẹ̀rọ sókè pátápátá. Wínníwínní kankan kò yọ.

"Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni," ló wí. "Ta ló yí etí rẹ̀ wálẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Lucien.

Oṣù mẹ́jọ ló lò ní àtìmọ́lé, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ọjọ́ tó jáde, ó lọ bá Rasidat, opó Wàhábì, nílé.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kò sàn kí ẹ tó bá ọkọ mi wọkọ̀?"

"Mo mọ̀."

Obìnrin náà nawọ́ sí àga kan. "Ẹ jókòó síbẹ̀," ló wí, ó sì wọlé. Kò jáde mọ́. Lucien jókòó lórí àga títí oòrùn fi kúrò lójú àgbàlá. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Ó dìde, ó padà sí Ṣakẹ́tẹ́, ó ń roko. Bí wọ́n bá gbé rédíò wá bá a, a máa ní kí wọ́n gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tó bá sì ní òun kò mọ̀ yóò rí olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́nu ẹni tí kò kàwé. Kì í ṣe ohun tí Lucien kò mọ̀ ló pa Wàhábì, bí kò ṣe èyí tó mọ̀ tí kò sọ. Àbùkù ọjọ́ kan sàn ju kí ẹlòmíràn fi ẹ̀mí rẹ̀ san ìgbéraga wa. Bí a bá sì ti bo àléébù iṣẹ́ wa mọ́lẹ̀, ká rántí pé ẹnì kan wà tó fi ọkàn tán an.