Bàbá Rẹ́gí àti Sìgá Tí Kì Í Jó Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Tèmi kì í ṣe sìgá."

1.
Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rẹ́gí. Tó bá ti wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ìwọ̀n rẹ, aṣọ tó bá sì rán á bá ọ mu rẹ́gí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ ilé ọkọ, ní ìlú tó jìnnà. Bàbá náà ń dá gbé nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti rédíò.

Ó ń mu sìgá, àmọ́ kì í mu ún nínú ṣọ́ọ̀bù, kí òórùn má baà wọ aṣọ oníbàárà. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jáde sí, níbi tí káfíńtà àdúgbò ti ń sinmi. Bí sìgá bá jó dé ìdí, á tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: sìgá máa ń jó tán.

2.
Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èéfín máa ń dí i láyà."

"Mo ti jáwọ́," ni bàbá dáhùn.

Irọ́ ni. Kò tíì jáwọ́. Ọjọ́ náà gan-an ló sáré lọ ra sìgá oníbátìrì, èyí táwọn ọ̀dọ́ ń pè ní féèpù. Ó rí pẹlẹbẹ, oje kan wà nínú rẹ̀ tó ń di èéfín, òórùn ọsàn ló ń ta.

"Bàbá, ṣé èyí tí oje rẹ̀ fúyẹ́ lẹ fẹ́ ni àbí èyí tó le?" ni ẹni tó ń tà á bi í.

"Èyí tó le. Ṣé mo jọ ọmọdé lójú ẹ ni?"

3.
Káfíńtà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jáde wá mọ́."

"Kí n jáde wá ṣe kí ni? Ìwọ lọ máa rú èéfín bí ààrò níbẹ̀. Èmi ti kúrò nípò yẹn."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó lọ, kò sì wá bi í mọ́.

Bàbá Rẹ́gí wá jókòó ti máṣíìnì. Tó bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á fà á. Tó bá jí, kó tó fọ ẹnu, á fà á. Orí ibùsùn, á fà á. Kò sí ìdí tó máa jó dé, kò sí eérú tó máa gbọ̀n dànù, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó wà nídìí sìgá, ó mọ iye tó ń mu lójúmọ́. Èyí ńkọ́, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé, á ní ọjọ́ ogbó ni. Òwú á máa tàsé ojú abẹ́rẹ́, á ní iná gílóòbù ò mọ́lẹ̀ tó. Tó bá sì ti pa rédíò, kò sóhùn ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn mọ́.

4.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé. Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀.

"Bàbá Àgbà, ẹ rán aṣọ fún bèbí mi," ni ọmọbìnrin kékeré náà ń wí ṣáá, bàbá sì ń fi àkísà rán aṣọ fún bèbí oníke náà.

Àmọ́ ó ń kọjú sí ògiri fa nǹkan rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Nítorí pé ó ń fi pamọ́, tó bá ti ráàyè, á fà á léraléra kí ọmọ tó padà yọjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì jẹun, ó ń kánjú fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìyàwó ojú ọ̀nà kan, ọmọ dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Lójijì òòyì kọ́ ọ. Òógùn tútù bò ó, èébì gbé e. Ó fẹ́ di tábìlì mú, ọwọ́ rẹ̀ gbá áyọ́ọ̀nù. Apá ọmọ ni áyọ́ọ̀nù gbígbóná náà bà lé.

Igbe tí ọmọ náà ké, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Káfíńtà ló gbọ́, òun ló sì kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn.

5.
"Bàbá, sìgá mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?" ni dókítà béèrè.

"Mi ò mu sìgá mọ́."

Dókítà nawọ́ sí féèpù tó yọrí lápò rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fà á?"

Bàbá tó ń wọn gbogbo ayé kò mọ ìwọ̀n èyí tó ń fà sára.

"Nikotíìnì tó ń sọ sìgá di bárakú náà ló wà nínú ẹ̀," ni dókítà wí. "Bí oje inú ẹ̀ bá ṣe le tó àti bí ẹ bá ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń wọra. Ó lè kéré sí ti sìgá, ó lè bá a dọ́gba, ó sì lè jù ú lọ. Tiyín ti pọ̀ jù. Òun ló mú kí òòyì kọ́ yín."

Ọmọbìnrin bàbá gbọ́, ó dé. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Bàbá mi, ẹ ní ẹ ti jáwọ́."

"Mo rò pé ìyẹn kì í ṣe..."

"Ọmọ mi ni mo fi sí yín lọ́wọ́."

Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

6.
Egbò apá ọmọ náà jinná, àpá kù. Bàbá Rẹ́gí ti jáwọ́ wàyí, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ náà ń bọ̀, ó ra aṣọ aláwọ̀ òféfèé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú síṣọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Ọmọ ń dàgbà, òun kò rí i, kò mọ bó ṣe ga tó mọ́. Ó pe ìyá ọmọ náà.

"Jọ̀ọ́, bá mi wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ rán nǹkan fún un."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá mi. Ó láṣọ."

Aṣọ náà ṣì wà lórí tábìlì láìgé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ padà sídìí sìgá o. Sìgá ń pààyàn. Ohun tí mò ń wí ni pé kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ẹ̀wù fún ohun tó ń pa yín, kẹ́ ẹ wá ní ó ti lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún ará ilé yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà ràn yín lọ́wọ́. Bó o bá sì mọ ẹnì kan tó ń dá fa tirẹ̀ nínú yàrá, má kàn fi èyí ránṣẹ́ sí i, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ leku ń jawọ.